A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ bá pé, tí Savalou ń ṣe ọdún iṣu, ta ni kì í gbé tẹlifóònù sókè? Àwọn ọ̀dọ́ a gba orin sílẹ̀, wọn a gba ìlù sílẹ̀, wọn a gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn náà ti dé Bantè, ó ti dé Kútọnu, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní òkè òkun. Inú wa a máa dùn sí i, nítorí ohun tí a bá gbà sílẹ̀ kì í bá olóhùn lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: nínú àwọn tí a fi ohùn náà ránṣẹ́ sí, ta ni kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i? A fẹ́ fi abala wa ti òní sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, nítorí àwa fúnra wa jẹ gbèsè kan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Bantè tí a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kí ojú rẹ̀ tó lọ. Nígbà tí kò ríran mọ́, ó lọ sí Kútọnu, ó sì kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ordinateur, ṣiṣẹ́ láìwo ojú rẹ̀. Nígbà tí ó padà wálé, ó dáwọ́ lé iṣẹ́ kan tí ó wú wa lórí. Ó ń lọ láti ìletò dé ìletò, láti Gouka dé Pira, ó ń gba àlọ́ àti ìtàn ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí ń sọ èdè Itcha. Bí ó bá délé, a gbọ́ ohùn náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ènìyàn lè padà sẹ́yìn ní ìgbà márùn-ún nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ó nílò ètò tí yóò máa fi gbọ́ àwọn ohùn náà, irú èyí tí a ń pè ní lecteur multimédia ní Faransé. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ètò agbóhùnjáde, nítorí ohun tí agbohùnsílẹ̀ bá gbà, òun ni ó ń gbé e jáde. Àwa ni a yan èyí tí ó kọ́kọ́ lò. A wò ó, ó dára lójú wa: àwọ̀ rẹ̀ ń dán, àwòrán ń jó lójú rẹ̀ bí orin ti ń lọ. A fi í sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, a kí i, a sì padà sí Savalou.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé bí ọ̀rẹ́ wa bá ṣí ètò náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń gbọ́ nínú rẹ̀: "bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì." Kò sí èyí tí ó ní orúkọ. Ó fi ọgbọ́n orí kà wọ́n: ẹ̀kẹta ni ó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀karùn-ún ni ó ń padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fún oṣù mélòó kan. Ní ọjọ́ kan, ètò náà sọ ara rẹ̀ di tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò àwọn bọ́tìnì sì yí padà. Ó tẹ ẹ̀kẹta bí ìṣe rẹ̀. Bọ́tìnì ìparẹ́ ni ẹ̀kẹta ti dà. Ẹ̀rọ kò bi í léèrè. Ó kàn pa á rẹ́ ni. Ohùn bàbá àgbàlagbà kan ní Gouka ni, tí ó fi ogójì ìṣẹ́jú sọ bí ìdílé rẹ̀ ti ṣe dé ibi tí wọ́n tẹ̀ dó sí. Kò sí ẹ̀dà mìíràn. Bàbá náà sì ti papò dà kí ọyẹ́ tó dé.

Nígbà tí a gbọ́, a lọ kí i. Kò bá wa wí. Ohun tí ó sọ kò ju báyìí lọ: "Ọ̀gá, ẹ̀yin rí i pé ó dára. Ẹ kò gbọ́ ọ."

Àwọn baba wa sọ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. A fá orí ọmọ yìí lẹ́yìn rẹ̀. A fi ojú wa yan ohun tí etí rẹ̀ ni yóò lò. Kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn, a lọ kọ́ ohun tí ó yẹ kí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, a sì fẹ́ fi í lé yín lọ́wọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni lecteur d'écran, tí a óò máa pè ní akàwé ojú ẹ̀rọ. Ètò kan ni tí ń gbé inú kọ̀ǹpútà tàbí tẹlifóònù, tí ń fi ohùn sọ ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ fún ẹni tí kò rí i. Ẹni náà kì í lo eku, ìyẹn souris, nítorí eku ń fẹ́ ojú tí yóò máa tẹ̀ lé e. Bọ́tìnì ni ó ń tẹ̀. Ó tẹ Tab, ó bọ́ sórí ohun kan, akàwé sọ orúkọ rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó bọ́ sórí òmíràn, bí ẹni tí ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n akàwé kò lè sọ ju ohun tí a kọ sílẹ̀ fún un lọ. Bí ẹni tí ó ṣe ètò kan bá fi àwòrán lásán ṣe bọ́tìnì, tí kò sì fún un ní orúkọ, "bọ́tìnì" nìkan ni akàwé yóò rí sọ. Ẹni tí ó ríran rí àwòrán apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù, ó sá fún un. Ẹni tí kò ríran kò rí ohun tí yóò sá fún.

Akàwé tí ọ̀rẹ́ wa ń lò ni NVDA. Michael Curran, ọmọ ilẹ̀ Australia tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2006. James Teh, tí òun náà kò ríran, sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn olórí ni wọ́n dìídì wá abẹ tí yóò fá orí wọn. Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ó ń sọ Faransé, a sì lè gbé e sórí clé USB kí a fi ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìfi nǹkan kan sínú rẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ń yá ti ará tàbí ti ọ̀rẹ́. JAWS ti wà ṣáájú rẹ̀, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n owó ni a fi ń rà á. Lórí tẹlifóònù Android, TalkBack ni akàwé. Lórí iPhone, VoiceOver ni, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2009.

Bí akàwé bá ti wà, a lè wá yan ètò agbóhùnjáde. Ìbéèrè márùn-ún ni a kọ́ láti máa béèrè, kò sì sí èyí tí ó kan àwọ̀ tàbí ẹwà nínú wọn.

Àkọ́kọ́: ǹjẹ́ gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ ni ó ní orúkọ tí etí lè gbọ́? Èkejì: ǹjẹ́ a lè ṣí ohùn, kí a dá a dúró, kí a padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí a sì ti ètò náà pa, láìfọwọ́ kan eku rárá? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ètò náà lè sọ ibi tí a dé fún wa, kí a mọ̀ pé ìṣẹ́jú kejìlá ni a wà, kì í ṣe ogún? Ẹ̀kẹrin: bí a bá ṣèèṣì fọwọ́ kan ìparẹ́, ṣé yóò kọ́kọ́ béèrè? Ẹ̀karùn-ún: bí akàwé bá ń sọ̀rọ̀ lákòókò tí orin ń lọ, ṣé a óò gbọ́ méjèèjì? Fún ìbéèrè ìkẹyìn yìí, NVDA ní oògùn kan: bí a bá fi í sínú kọ̀ǹpútà gan-an, a lè tẹ bọ́tìnì NVDA pẹ̀lú Maj àti D, kí ohùn yòókù máa rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí akàwé bá ń sọ̀rọ̀.

A fi ìbéèrè wọ̀nyí wọn ètò méjì.

Èkíní ni VLC. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1996. Ní ọdún 2001, ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà kí ó di ohun tí gbogbo ayé lè lò, kí wọ́n sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mọ àmì rẹ̀: ohun olórí ṣóńṣó aláwọ̀ ọsàn àti funfun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé sójú ọ̀nà tí wọ́n ń tún ṣe. Kò sí ìpolówó nínú rẹ̀, irú fáìlì tí kò lè ṣí kò pọ̀, ó sì ń sọ Faransé. Ctrl pẹ̀lú O ni a fi ń ṣí fáìlì. Bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀ ni ó ń dá ohùn dúró, òun náà ni ó sì ń jẹ́ kí ó máa lọ. Maj pẹ̀lú ọfà òsì gbé wa padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú-àáyá 3. Alt pẹ̀lú ọfà òsì, 10. Ctrl pẹ̀lú ọfà òsì, ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí a bá mọ ibi tí a ń lọ, Ctrl pẹ̀lú T yóò ṣí àyè tí a óò tẹ àkókò náà sí. Bí àgbà bá ń yára sọ̀rọ̀, a lè lọ sí Vitesse lábẹ́ Lecture kí a dín ìyára rẹ̀ kù. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni ìbéèrè kẹta: bí a bá tẹ T láti mọ àkókò, VLC a kọ ọ́ sórí àwòrán, ohun tí a bá sì kọ síbẹ̀, akàwé kì í kà á.

Èkejì ni foobar2000, iṣẹ́ ọwọ́ Peter Pawłowski, tí ó jáde ní ọdún 2002. Ohùn nìkan ni ó wà fún, kì í ṣe fídíò. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo. Kọ̀ǹpútà tí ó ti dàgbà lè gbé e. Ó ń jẹ́ kí a fúnra wa yan bọ́tìnì tí yóò ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, títí dé pípadà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú-àáyá 5. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn tí ó ṣe NVDA ti pèsè bọ́tìnì mẹ́ta sílẹ̀ fún un: Ctrl, Maj àti E sọ iye àkókò tí ó ti lọ, Ctrl, Maj àti R sọ iye tí ó kù, Ctrl, Maj àti T sọ bí ohùn náà ti gùn tó lápapọ̀. Bọ́tìnì Suppr rẹ̀ a máa yọ orúkọ kúrò lórí àtòjọ nìkan. Fáìlì fúnra rẹ̀ wà níbi tí ó wà. Àbùkù rẹ̀ fún wa ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bí ohùn Faransé bá sì ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ó lè dà bí ẹni tí ń jẹ iṣu gbígbóná.

Ohun kan wà tí àwa tí ń lo pátákó ìtẹ̀wé ilẹ̀ Faransé, tí a ń pè ní AZERTY, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ àlàyé tí ẹ óò rí nípa irú ètò báyìí, orí pátákó àwọn onígẹ̀ẹ́sì ni a ti ṣe é. Àpẹẹrẹ kan ni Winamp, ètò ọdún 1997 tí àwọn tí kò ríran fẹ́ràn púpọ̀ nígbà kan. Z, X, C, V àti B ni ó ń darí rẹ̀, nítorí lórí pátákó àwọn onígẹ̀ẹ́sì, àwọn márààrún tẹ̀ léra wọn ní ìlà ìsàlẹ̀, ìka sì tètè ń mọ̀ wọ́n. Lórí tiwa, W ni ó jókòó sí àyè Z. Z ti gun òkè lọ. Ẹni tí ó bá ń ka bọ́tìnì pẹ̀lú ìka yóò ṣìnà. Ṣùgbọ́n E, R àti T wà lójú kan náà lórí pátákó méjèèjì, nítorí náà bọ́tìnì mẹ́ta foobar2000 kò ní dà á láàmú.

Lẹ́yìn tí a ti mọ èyí, a padà sí Bantè ní ọ̀sán Sátidé kan. Lọ́tẹ̀ yìí, a fi ètò méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ wa, a ṣe ẹ̀dà ohùn kan sí ibi mìíràn, a fi aṣọ bo ojú ẹ̀rọ kí ojú tiwa má baà kó sí iṣẹ́ náà, a sì jókòó. A ti pinnu nínú ara wa pé VLC ni yóò mú, nítorí Faransé tí ń bẹ nínú rẹ̀.

Ó ṣí VLC, ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àlọ́ kan, ó padà sẹ́yìn, ó tún gbọ́ ọ. Ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé, "Ibo ni mo wà nínú rẹ̀ báyìí?" VLC kò dá a lóhùn. Ó ṣí foobar2000, a fi bọ́tìnì mẹ́ta náà hàn án, ó tẹ èyí tí ń sọ àkókò tí ó ti lọ, akàwé sì sọ ọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. A rán an létí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ètò náà ń sọ. Ó fèsì pé, "Ọ̀gá, kí ni mo fẹ́ fi gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe? Bọ́tìnì bíi márùn-ún ni mo ń lò. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, mo fẹ́ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ lè lọ fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ."

Àwa olùkọ́ ni a ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n máa tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀. Kò wá sí wa lọ́kàn pé ohun tí ọmọ yìí ń wá nìyẹn. Foobar2000 ni ó mú fún àlọ́ àti ìtàn. Ó fi VLC sílẹ̀ fún fídíò. Bí a bá tún yàn fún un ni, à bá tún ṣìnà lẹ́ẹ̀kejì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ní kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ lórí tẹlifóònù. Ẹ tan TalkBack, ẹ pajú dé, ẹ máa fi ìka kan fà sí ọ̀tún: yóò máa ka ohun kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá sì tẹ ojú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, ohun tí ó kà yóò ṣí. Lórí iPhone, àti lórí ọ̀pọ̀ Android tuntun, ìka méjì tí a bá fi tẹ ojú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì lè dá orin dúró, ì báà jẹ́ ibikíbi ni a wà nínú ètò náà. Bí ẹ bá ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ríran, ẹ fún un ní orúkọ tí ó kúrú: ìlú, ọdún, irú ohùn. Nọ́ńbà gígùn tí tẹlifóònù ń fún fáìlì kò sọ nǹkan kan fún etí. Kí ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà méjì nígbà gbogbo. Ìyẹn kan ẹni tí ó ríran pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe pe èyí ní àánú. Àwọn tí kò ríran ti ń fún wa ní ohùn láti ìgbà pípẹ́. Kokoro, ọmọ Ọ̀wọ̀, fi orin rẹ̀ rìn káàkiri ìgboro Èkó títí ó fi dàgbà. Amadou Bagayoko àti Mariam Doumbia pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríran ní Bamako, gbogbo ayé sì jó sí orin wọn. Yóò ṣe wá ní kàyéfì bí irú wọn bá ní láti máa bẹ ọmọdé kí ó bá wọn tẹ bọ́tìnì kí wọ́n tó gbọ́ orin ara wọn. Orílẹ̀-èdè wa ti fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn ní ọdún 2012, ó sì ṣe òfin tirẹ̀, nọ́ńbà 2017-06, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n òfin kò ní wá bá wa yan ètò tí a óò fi sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wa. Àwa náà ni a ń ṣe é, nínú ilé, bí a ti ṣe é ní Bantè lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìtàn bàbá Gouka kò padà. Ọ̀rẹ́ wa ti lọ bá àbúrò bàbá náà. Ó rántí apá kan, kò rántí apá kejì. Ohun tí ó rántí ti wà ní ibi méjì báyìí, pẹ̀lú ìṣẹ́jú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ọdún iṣu bá tún dé, tí ẹ sì fẹ́ fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí kò ríran léèrè ohun tí ó fi ń gbọ́ ọ. Bí kò bá tíì ní, ẹ gbé méjì tàbí mẹ́ta síwájú rẹ̀, ẹ fi aṣọ bo ojú ẹ̀rọ, kí ẹ sì dákẹ́ kí ó lè yan èyí tí ó bá a lára mu.

Ó di ìgbà mìíràn.